Sípáníìṣì: kí ló dé tí wọ́n ń fagi lé «soy en Akure»?

Ọmọ_Ìjòkà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Sípáníìṣì. Gbólóhùn mẹ́fà rèé tí áàpù orí fóònù fagi lé láìsọ ìdí. Mo kọ ohun tí mo ní lọ́kàn ní Yorùbá síwájú, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí mo ti ṣìnà:

1. Mo wà ní Àkúrẹ́. – Soy en Akure.
2. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí. – Soy veinticinco años.
3. Mo jẹ iṣu lánàá. – Ayer como ñame.
4. Mo fẹ́ràn dòdò. – Yo gusto plátano frito.
5. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kò tíì pọ́n. – Este plátano es verde.
6. Mo rí màmá mi lọ́jà. – Veo mi madre en mercado.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe ser (soy, es) wà fún ohun tí kì í yí padà, estar (estoy, está) sì wà fún ohun tó ń kọjá lọ. Àkúrẹ́ kò kúkú ní ṣí kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ wọ́n ní «Akure está en Nigeria» ló tọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Àgbà_Akọ̀wé:

Ẹ pa ọ̀rọ̀ «ohun tí kì í yí padà» yẹn tì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ló ti wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi pín in. Yorùbá ti pín in tipẹ́: «ni» àti «jẹ́» wà lọ́tọ̀, «wà» wà lọ́tọ̀. Òfin wọn yẹn kò tiẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí òkú, torí «está muerto» ni Sípáníìṣì ń wí, estar sì ni. Ikú ha jẹ́ ohun tó ń kọjá lọ bí?

Ìbéèrè tí gbólóhùn yín ń dáhùn ni kẹ́ ẹ máa wò. Bó bá ń dáhùn «ta ni?», «kí ni?», «irú èwo ni?» tàbí «ará ibo ni?», ser ni. *Soy maestra* (tíṣà ni mí). *Soy de Ondo* (ará Oǹdó ni mí). *Akure es la capital del estado de Ondo* (Àkúrẹ́ ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó). Bó bá ń dáhùn «níbo ló wà?» tàbí «báwo ni nǹkan ṣe rí fún un?», estar ni. *Estoy en Akure. El mercado está cerca del palacio* (ọjà wà nítòsí ààfin). *Mi hermana está enferma* (ara arábìnrin mi kò yá). Nọ́ńbà 1 yín ti yanjú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù, torí òun lè bá méjèèjì rìn. Ẹ mú kòkó wò. *El cacao es amargo*: kòkó korò, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. *El cacao está seco*: kòkó ti gbẹ, ẹ lè dì í sápò. Ẹ wo «ti» yẹn dáadáa. Níbi tí Yorùbá bá ti sọ pé nǹkan «ti» rí báyìí, estar ló sábà máa ń jẹ́: ó ti pọ́n (está maduro), ó ti rẹ̀ mí (estoy cansado, obìnrin á ní cansada), wọ́n ti ṣí i (está abierto), ó ti kú (está muerto). «Kò tíì» náà wà nínú ẹbí yẹn. Nítorí náà, nọ́ńbà 5: *Este plátano está verde*. «Es verde» tẹ́ ẹ kọ ń sọ pé àwọ̀ ewé ni àwọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń júwe àsíá. Mi ò rí ìdánwò «ti» yìí nínú ìwé gírámà kankan o, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí «wà» tiwa ti fẹ̀ ju estar lọ. *Omi wà nínú ìkòkò* ni «Hay agua en la olla». *Omi náà wà nínú ìkòkò* ni «El agua está en la olla». Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń sọ pé nǹkan ń bẹ, hay ni, kì í sì í yí padà bó ti wù kí nǹkan náà pọ̀ tó: hay un libro (ìwé kan), hay cien libros (ọgọ́rùn-ún ìwé). Bí «náà» bá lè wọ ibẹ̀, estar ni.

Kòkó_Dúdú:

Ọ̀gá ti tan ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú nọ́ńbà 3, torí ibẹ̀ ni Yorùbá ti máa ń ti èèyàn sí kòtò.

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò fi nǹkan kan kún ti jẹ́ ohun tó ti kọjá: «mo jẹ iṣu», «mo lọ», «mo ra á». Nínú Sípáníìṣì, èyí tó wà lásán nínú àtẹ (como, voy, compro) jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ohun téèyàn máa ń ṣe. Nítorí náà «ayer como» dà bí «lánàá mo máa ń jẹ». Ẹ máa pààrọ̀ wọn báyìí:

Mo jẹ iṣu – comí ñame
Mo máa ń jẹ iṣu láàárọ̀ – como ñame por la mañana
Mo ń jẹ iṣu lọ́wọ́ – estoy comiendo ñame
Mo máa ń jẹ iṣu ní kékeré – de niño comía ñame
Mo máa jẹ iṣu – voy a comer ñame

Ẹ rí i pé «máa ń» wa ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bó bá jẹ́ àṣà tó ṣì ń lọ, como ni. Bó bá jẹ́ àṣà ìgbà kan rí, comía ni. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi «mọ̀», «fẹ́» àti «ní» kò sí nínú òfin yìí: «mo fẹ́ omi» kì í ṣe ti àná, *quiero agua* ni.

Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ ẹni tó ṣe é. Fún comer: como, comes, come, comemos, coméis, comen. Fún èyí tó ti kọjá: comí, comiste, comió, comimos, comisteis, comieron. «-o» tó wà lẹ́yìn como ni «mo» wa. «Yo» kì í ṣe «mo», «èmi» ni. Bẹ́ ẹ bá ń fi yo síwájú gbogbo gbólóhùn, ńṣe lẹ dà bí ẹni tó ń sọ pé «èmi ni mo jẹun, èmi ni mo lọ, èmi ni mo rí i». Kò sí ẹni tó máa lù yín fún un, àmọ́ ó máa ń ta létí.

Nọ́ńbà 2: *Tengo veinticinco años*. Ọdún, ńṣe ni wọ́n ń ní in. Wọ́n tún ń ní àwọn nǹkan tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ṣe wá ní Yorùbá. Ebi ń pa mí: *tengo hambre*. Òǹgbẹ ń gbẹ mí: *tengo sed*. Ẹ̀rù ń bà mí: *tengo miedo*. Òtútù ń mú mi: *tengo frío*. Ẹ má sọ «estoy frío» fún ìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé àmì orí ñ nínú años. Láìsí i, ihò ìdí lẹ ń sọ, ẹ ò sì fẹ́ sọ pé ẹ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ará_Yábà_Oǹdó:

Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún ti Àgbà_Akọ̀wé. «Níbo ló wà?» kì í ṣe estar nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ ìpàdé, ìgbéyàwó, ìdánwò tàbí bọ́ọ̀lù, ser ni: *La reunión es en Alagbaka*. Bẹ́ ẹ bá lè yí «wà» sí «ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é», ser ni. A ò lè «ṣe» ilé ìtajà ní Alágbàká lọ́jọ́ Sátidé, nítorí náà *la tienda está en Alagbaka*.

Nọ́ńbà 4. «Mo fẹ́ràn» ló ṣì yín lọ́nà. Ẹ fi «wù mí» rò ó: dòdò ń wù mí. Dòdò ló ń ṣiṣẹ́, èmi ló ń ṣe é fún. *Me gusta el plátano frito*. «Yo gusto» tẹ́ ẹ kọ, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wu dòdò ni. Ohun tó ń wuni ló ń pinnu bóyá gusta tàbí gustan: *me gusta el arroz* (ìrẹsì), ṣùgbọ́n *me gustan los frijoles* (ẹ̀wà). Ìlànà kan náà ni orí ń fọ́ mi: *me duele la cabeza*. Eyín ń dùn mí: *me duelen los dientes*. Wọn kì í sọ «mi cabeza» níbẹ̀, torí «me» ti sọ ẹni tó ni orí. Èyí rọrùn fún wa ju fún ẹni tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀.

(Ní Sípéènì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n sábà ń pè ní plátano. Àgbagbà ni plátano macho.)

Nọ́ńbà 6 ní àṣìṣe mẹ́ta. «Mo rí» ti kọjá, *vi* ni. Bẹ́ ẹ bá rí èèyàn tẹ́ ẹ mọ̀, «a» gbọ́dọ̀ wà láàárín: *vi a mi madre*, ṣùgbọ́n *vi la casa* (mo rí ilé náà). Mercado sì nílò el.

Ọmọ_Ìjòkà:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi yanjú méjì sí i. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá el ni tàbí la? Bí mo bá sì ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ṣé bí a ṣe ń lo «ẹ» náà ni?

Àgbà_Akọ̀wé:

Èyí tó parí sí -o sábà máa ń jẹ́ akọ (el), èyí tó parí sí -a sábà máa ń jẹ́ abo (la). Àmọ́ ẹ há àwọn wọ̀nyí sórí: la mano (ọwọ́), el día (ọjọ́), el mapa (máàpù), el problema (ìṣòro). Agua jẹ́ abo, ṣùgbọ́n wọ́n ń wí pé *el agua fría* kí a méjì má bàa kọlu ara wọn. Ẹ wo fría, abo ni síbẹ̀. Ẹ má kọ́ «mercado» nìkan láé, «el mercado» ni kẹ́ ẹ kọ́.

Ipò ọ̀rọ̀-àpèjúwe kò ní dà yín láàmú, torí ẹ̀yìn ni òun náà sábà ń wà: ilé ńlá, *casa grande*. Ẹ tiẹ̀ wo «ilé ńlá ńlá»: bí tiwa ṣe ń di ọ̀pọ̀ ni tiwọn náà ṣe ń di *casas grandes*.

Ní ti àgbà, usted ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni «ẹ» wa, a kàn ń fi bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ni. Usted kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe «ó» ló ń bá a rìn: *¿Cómo está usted?* Bẹ́ ẹ bá bi bàbá kan ṣoṣo ní «¿Cómo están?», yóò wẹ̀yìn wò ẹni tó tún dúró síbẹ̀. Ní Sípéènì, wọn kì í pẹ́ bọ́ sí tú («ìwọ»). Ní àwọn apá kan ní Kòlóńbíà, tọkọtaya gan-an ń pe ara wọn ní usted.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí torí ó ń ba ti àwọn Yorùbá jẹ́: àmì tó wà lórí á, é, í kì í ṣe àmì ohùn. Ibi tí agbára wà nínú ọ̀rọ̀ ló ń fi hàn, kì í sì í ju ẹyọ kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí fáwẹ̀lì, n tàbí s, sílébù tó ṣáájú ti ìkẹyìn lẹ máa tẹ̀: HA-blo. Bó bá parí sí ohun mìíràn, ti ìkẹyìn ni: ha-BLAR. Èyí tó bá tàpá sí òfin yìí ni wọ́n ń sàmì sí: *hablo* (mo ń sọ̀rọ̀), *habló* (ó sọ̀rọ̀). Papa ni pòtétò ní Látìn Amẹ́ríkà, papá ni bàbá.

Ọmọ_Ìjòkà:

Mo tún un kọ: Estoy en Akure. Tengo veinticinco años. Ayer comí ñame. Me gusta plátano frito. Este plátano está verde. Vi a mi madre en el mercado. Mo fi kún un: Me gusta los mangos.

Ará_Yábà_Oǹdó:

Ó ku méjì. *Me gusta el plátano frito*. Máńgòrò yín ju ẹyọ kan lọ: *me gustan los mangos*.