Flusher, cranberry àbí D-mannose: kí ni kí n mu fún ìtọ̀ tó ń ta mí yìí?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Ẹ̀yin ìyá mi àtẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúulé o. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló gbé mi wá, mi ò tijú mọ́ torí ó ti sú mi. Á lọ, á tún padà wá, tó bá sì ti dé báyìí, bí mo ṣe ń kúrò ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ni ìtọ̀ á tún máa gbọ̀n mí, tí mo bá wá jókòó, ẹ̀kán díẹ̀ ló máa jáde, á sì máa ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi ata sójú egbò. Mile 12 ni mo ti ń tajà, ẹ mọ bí gosílò ọ̀nà Ìkòròdú yẹn ṣe máa ń rí láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò kì í fẹ́ mu omi, kí n má lọ máa wá ibi tí màá tọ̀ sí lójú ọ̀nà.

Obìnrin kan tó ń tajà lórí WhatsApp ní kí n ra flusher òun, pé ìgò kan ló máa fọ ilé ọmọ àti ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ tónítóní. Àbúrò mi tó wà ní London ní òun máa fi cranberry, èso òyìnbó pupa kan, àti D-mannose, irú ṣúgà kan tó jẹ́ ìyẹ̀fun, ránṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ní irun àgbàdo ni kí n lọ sè. Mo ti mu ántíbáyótíìkì tí wọ́n tà fún mi ní kẹ́mísì o, ó rọlẹ̀, ó tún dìde. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kòkòrò tó sábà máa ń fà á, E. coli, inú ìfun wa ló ń gbé, ibi ìdí ló ti ń rìn wá síwájú, ọ̀nà ìtọ̀ àwa obìnrin sì kúrú, ó máa ń tètè dé àpò ìtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara àpò ìtọ̀ kó tó lè dà wá láàmú. Nǹkan kan wà nínú cranberry tí wọ́n ń pè ní PAC, òun ni kì í jẹ́ kó ríbi lẹ̀ mọ́. Ní 2023 àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 50 jọ, wọ́n rí i pé láàárín àwọn obìnrin tí tiwọn máa ń padà wá, cranberry dín in kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ń dènà ni o! Èyí tó ti wọlé tó ń ta yín lọ́wọ́ báyìí, cranberry ò lè wò ó.

D-mannose ní tèmi, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín náwó lé e. Wọ́n dán an wò lára obìnrin 598 ní UK, àwọn kan mu òun, àwọn kan mu ìyẹ̀fun míì lásán, oṣù mẹ́fà gbáko, nígbà tí èsì jáde ní 2024 kò sí ìyàtọ̀.

Omi tẹ́ ẹ ò mu yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ìwádìí kan jáde ní 2018, obìnrin 140 tí wọn kì í mu omi tó lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, wọ́n ní kí ìdajì wọn fi lítà kan àbọ̀ kún èyí tí wọ́n ń mu, láàárín ọdún kan, tiwọn fi nǹkan bí ìdajì dín sí tàwọn tí kò fi kún un. Lítà kan àbọ̀, pure water mẹ́ta náà nìyẹn mà! Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ danfo, tẹ́ ẹ bá dé ọjà ẹ tún lọ tọ̀, ẹ san owó tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ọjà, ẹ má di ìtọ̀ mọ́ra. Ẹ tọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá bàbá sùn, tẹ́ ẹ bá sì ṣu tán, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa nù.

Kẹ́ ẹ tó tún mu ántíbáyótíìkì kankan, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe culture, ìyẹn ni pé kí wọ́n hu kòkòrò inú ìtọ̀ náà jáde ní láàbù. Ẹ máa fọ ojú ara yín, èyí tó kọ́kọ́ jáde ẹ jẹ́ kó lọ, ti àárín ni kẹ́ ẹ gbà sínú ike tí wọ́n bá fún yín, ẹ má fi ọwọ́ kan inú ike náà. Culture yẹn ló máa sọ irú kòkòrò tó jẹ́ àti oògùn tó lè pa á, torí òmíràn wà tí oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ò ràn rárá.

Alhaja Eléwé Ọmọ, Sábó

Mo kí nọ́ọ̀sì o. Ìyá ìbejì, èmi ń ta ewé, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Irun àgbàdo tí ìyá ọkọ yín sọ, òótọ́ ni pé àwọn àgbà máa ń sè é, wọ́n ní ó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa, ẹ lè mu ún, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ má lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Èmi kì í ta àgbo fún aláboyún àbí ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sí iye tí wọ́n fẹ́ san. Flusher yẹn ló ń bí mi nínú, torí ẹni tó bá fẹ́ mu ewé, ó yẹ kó mọ ewé tó ń mu, àwọn yìí á ro oríṣiríṣi pọ̀, wọn ò ní sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń wẹ̀ lódò, tí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má pè é ní ínfẹ́kṣọ̀n lásán, àtọ̀sí ajá lè ni, ẹ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, oògùn tiẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Bọ̀dá Fámásì Òdógúnyàn

Alhaja sọ̀rọ̀. Ẹ wo ara páálí ọ̀pọ̀ nǹkan ewé tí wọ́n ń tà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í kà á. Ojú ara obìnrin sì máa ń fọ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, kòkòrò rere wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, ẹ má fi ọṣẹ àbí nǹkan kan sí inú.

Tí àbúrò yín bá ra cranberry, kó wá èyí tí wọ́n kọ 36 mg PAC sí lára, kó má ra júùsì aládùn tó kún fún ṣúgà. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó fẹnu kan cranberry. Ìyá ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò pẹ̀lú, torí ìtọ̀ ṣúgà máa ń jẹ́ kí nǹkan yìí padà wá léraléra.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Ọlọ́run á bù kún yín o, lọ́la ni mò ń lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àbúrò mi obìnrin tó wà nílé yìí lóyún, wọ́n ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ ẹ̀ ní kílíníìkì, àmọ́ kò ta á rárá, ló bá kọ̀ kò lo oògùn, ó ní zobo lòun máa máa mu. Ṣé kò sí wàhálà?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́

Wàhálà wà níbẹ̀ o! Tí obìnrin bá lóyún, bí kò tiẹ̀ ta á, wọ́n máa ń wò ó ni, torí ó lè gùn dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ tètè wá lọ́jọ́ àìpé. Zobo ò lè wò ó, kò tiẹ̀ dáa kí aláboyún máa mu ún. Ántíbáyótíìkì tí kò léwu fún oyún wà, ẹ ní kó padà lọ bá àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la, ẹ jọ máa lọ. Tí ara ẹ̀ bá gbóná, tó ń gbọ̀n, tó ń bì, àbí tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún lábẹ́ egungun ìhà, lóru yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí jẹ́nẹ́rà. Ẹ̀yin náà, tí irú ẹ̀ bá ṣe yín, ẹ má dúró de culture.