"Síkúrúù epo" kò lè jẹ́ orúkọ fún gbogbo kabúrétọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí kabúrétọ̀ ọ̀kadà àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì: pé ká máa pe sílò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí a kò fún un lépo) ní "ìsinmi ẹ́ńjìnnì", ká pe síkúrúù tí a fi ń tún àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ní "síkúrúù epo", ká sì pe àpòpọ̀ tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ ní "àpòpọ̀ ọlọ́rọ̀". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Èyí tó wà láàárín ló ká mi lára jù, torí ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Síkúrúù méjì ló wà lára kabúrétọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ìlẹ̀kùn tó ń lọ sókè-sódò nínú kabúrétọ̀ ró. Òun la fi ń mú sílò ga tàbí kó relẹ̀. Èkejì kéré, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, sípíríǹgì wà lára rẹ̀, òun là ń jà lé lórí. Bó bá wà níhà ẹ́ńjìnnì, epo ló ń wọ̀n: ẹ tú u síta, epo á pọ̀ sí i. Bó bá wà níhà fítà (asẹ́ afẹ́fẹ́), afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n: ẹ tú u síta, afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo á sì dínkù. Irú ti ìhà fítà yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀kadà tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo jó. Ọmọ iṣẹ́ tó ti há "síkúrúù epo" sórí á máa tú u síta, á rò pé òun ń fún un lépo, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná sí i. Àbá tèmi ni "síkúrúù àpòpọ̀" fún méjèèjì. Níbi tó bá ti yẹ ká là á, ká pe ti ìhà fítà ní "síkúrúù afẹ́fẹ́", kí "síkúrúù epo" jẹ́ ti ìhà ẹ́ńjìnnì nìkan.

Ní ti "ọlọ́rọ̀", èdè Gẹ̀ẹ́sì ("rich") ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹnu wa ti ní "ki": ẹ̀kọ máa ń ki, àpòpọ̀ náà lè ki. Ẹnì kan fẹ́ ká fi "ṣàn" ṣe òdìkejì rẹ̀, àmọ́ bí mẹkáníìkì bá gbọ́ pé kabúrétọ̀ ń ṣàn, ohun tó máa rò ni pé epo ń dà sílẹ̀ torí ìbòdè tó ń dá epo dúró nínú rẹ̀ ò pa dé mọ́. "Fẹ́lẹ́" ló bá a mu.

Ẹ́ńjìnnì tó wà ní sílò kò sinmi rárá. Ó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,400 láàárín ìṣẹ́jú kan lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 125 cc. Ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Òdògùnyàn, "sílò" ni wọ́n ń wí, kó má kúrò lẹ́nu wa. Fún ìwé, mo dá "ìdúrókùn" lábàá: ó dúró, ó ń kùn. "Ìkùn" nìkan ò tó, ẹni tí kò rí àmì ohùn á kà á sí ikùn.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n kọ iṣẹ́ náà lórí ọ̀kadà Honda CG125 wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ rí i pé fítà mọ́, kí àlàfo fáàfù sì jẹ́ 0.08 mm. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ pa á. Ẹ fi tọ́nọfíìsì yí síkúrúù àpòpọ̀ wọlé wẹ́rẹ́ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ má fi agbára yí i o! Ẹnu rẹ̀ á há sínú ihò, tàbí kó kán síbẹ̀, kabúrétọ̀ lẹ máa rà. Ẹ tú u padà ní ìyípo kan àtààbọ̀, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa yí i ní ìdámẹ́jọ ìyípo síwá sẹ́yìn, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún un yí, títí ẹ ó fi rí ibi tí ìdúrókùn ti ga jù tí kò sì gbọ̀n. Ìgbà yẹn lẹ ó tó fi síkúrúù sílò mú un wálẹ̀. Ẹ wá fún un lépo lójijì: bó bá rọ́ mọ́lẹ̀ kó tó gbéra, àpòpọ̀ fẹ́lẹ́ jù. Sàlẹ́ńsà tó ń yìnbọn nígbà tí ẹ bá dẹ ọwọ́, ẹjọ́ kan náà ni, tàbí kí sàlẹ́ńsà máa jò níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Plọ́ọ̀gì tó dúdú kirikiri fi hàn pé ó ki.

Bí ẹ bá tú síkúrúù epo kọjá ìyípo mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń béèrè sí i, síkúrúù kọ́ ló ṣẹ̀: jẹ́ẹ̀tì kékeré (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá) ti dí, tàbí rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ti là. Ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí rọ́bà náà. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Epo tó pẹ́ nínú kabúrétọ̀ ló máa ń gbẹ dí jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi atẹ́gùn fọkanáísà fẹ́ ẹ, ẹ má fi wáyà gún un, torí ihò rẹ̀ á fẹ̀. Bí ẹ bá sì ti síkúrúù epo pa pátá tí ẹ́ńjìnnì ò kú, síkúrúù sílò ló ti gbé ìlẹ̀kùn sókè jù, jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń bọ́ ọ.

Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju "ìdúrókùn" lọ ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, kó gbé e wá, kó sì fi kọ ìlànà yìí kan náà kí a lè fi wéra.