Kí ló dé tí gèlè àti léèsì ò bára mu mọ́ nínú oòrùn?

Ìyá Aránṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà mi kan yan gèlè tó bá léèsì elésè àlùkò rẹ̀ mu wẹ́kú lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. A bọ́ síta báyìí, gèlè ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, léèsì ò yí padà. Ó ní mo ti pààrọ̀ gèlè òun! Ẹ gbà mí o, kí ló fà á?

Tíṣà Físíìsì: Màmá, ẹ ò jẹ̀bi. Aṣọ máa ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ mì, á dá ìyókù padà sójú wa. Ìyókù yẹn là ń pè ní àwọ̀. Gbogbo àwọ̀ ló wà nínú oòrùn, láti ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó gùn tó bíi nanomita 400 (nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) dé 700 níbi tí pupa wà. Iná LED funfun tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ò rí bẹ́ẹ̀. Búlúù ló ń tàn, ohun lúbúlúbú aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi bò ó ló ń sọ ọ́ di funfun, pupa rẹ̀ kì í sì í sábà tó. Aró méjì tó yàtọ̀ lè jọra níbẹ̀, kí oòrùn tú àṣírí wọn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní London: Òótọ́ ni! Àwọn iná sódíọ̀mù títì àtijọ́ kan níbí, bíi nanomita 589, ìyẹn yẹ́lò, nìkan ni wọ́n máa ń tàn. Mọ́tò pupa, mọ́tò búlúù, eérú ni gbogbo wọn máa ń dà lóru nígbà náà.

Ìyá Aránṣọ: Ṣé kí n máa fi fóònù yà á wò ni?

Tíṣà Físíìsì: Rárá o, kámẹ́rà ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì síta lọ́sàn-án kẹ́ ẹ tó sanwó.