Benefit night: "alẹ́ àǹfààní" kọ́ o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ fẹ́ ká máa pe benefit night àwọn tíátà London láyé àtijọ́, láàárín 1700 sí 1800, ìyẹn alẹ́ tí owó tó bá wọlé máa ń jẹ́ ti òṣèré tàbí òǹkọ̀wé eré, ní "alẹ́ àǹfààní". Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọn. Èmi ò tíì rí àǹfààní tó ń sọni di onígbèsè, alẹ́ yìí sì lè sọni di onígbèsè dáadáa.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ ní Drury Lane, tíátà ńlá kan ní London, láyé David Garrick, òṣèré tó tún ń darí ibẹ̀. Ṣílè márùn-ún lẹni tó bá fẹ́ jókòó sí yàrá àwọn ọlọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa san, mẹ́ta fún àga ìsàlẹ̀ níwájú pèpéle, méjì fún gálárì àkọ́kọ́, ẹyọ kan péré fún òkè téńté. (Ibí yìí ò tiẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tuntun, àwọn bàbá wa ti ná ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ tipẹ́.) Alaalẹ́ ni wọ́n ń ka owó yẹn tí akápò á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá wá di bí oṣù kẹta ọdún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín alẹ́ fáwọn òṣèré, àwọn tó lórúkọ á kọ́kọ́ mú, àwọn kéékèèké á pa pọ̀ ní méjì mẹ́ta mú ẹyọ kan. Owó tó bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà ti onítọ̀hún ni, àmọ́ tíátà á kọ́kọ́ yọ tiẹ̀, owó àbẹ́là, owó àwọn olórin, owó ìwé ìpolówó, owó àwọn tó ń ṣọ́nà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi máa ń tó bí 60 pọ́n-ùn. Tówó tó wọlé ò bá wá tó o ńkọ́? Òṣèré ló máa fi tara ẹ̀ dí i! Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ru tíkẹ́ẹ̀tì kiri ilé àwọn olówó bí ẹni tó ń ta aṣọ ẹbí fún ẹni tí kò tíì sọ pé òun ń bọ̀.

Àbúrò wa kan ní "alẹ́ ìkówó" ló dáa. Háà, ẹni tó bá gbọ́ yẹn á rò pé akápò ti sá lọ ni. Ṣùgbọ́n ibi tó ti mú un wá wù mí, torí èésú ló ní lọ́kàn, "ta ló kàn láti kó?", bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé ẹni tó ń dá èésú mọ iye tó máa kó. Èmi rò pé ká fi "kó" sílẹ̀, ká di "kàn" mú: alẹ́ ó-kàn-án. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni alẹ́ ó-kàn-án ẹ̀." Kò wúwo lẹ́nu, kò sì ṣèlérí èrè fẹ́nì kankan.

Tòǹkọ̀wé yàtọ̀, ẹ jẹ́ ká máa pe tiwọn ní alẹ́ òǹkọ̀wé lásán. Alẹ́ kẹta tí wọ́n bá ṣe eré tuntun ni tiwọn, lẹ́yìn náà ìkẹfà àti ìkẹsàn-án, téré bá kú lálẹ́ kejì, òfo nìyẹn. John Gay, tó kọ eré The Beggar's Opera, ríṣe ní 1728, alẹ́ mẹ́rin fún un ní 693 pọ́n-ùn, ṣílè 13 àti sísì kan.

Charges, owó tí tíátà ń yọ yẹn, wá ńkọ́? "Owó ilé" tẹ́ ẹ kọ, lánlọ́ọ̀dù ló máa wá síni lọ́kàn. Owó àyọkọ́ ni mo fẹ́, torí òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ.

Èyí tó kù ni half-price, tẹ́ ẹ pè ní "ẹ̀dínwó". Ẹ̀dínwó ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tajà ló ń ṣe é tó bá wù ú. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn apá kẹta eré ńlá á san ààbọ̀ owó, àwọn ará London sì kà á sí ẹ̀tọ́ wọn, débi pé nígbà tí Garrick fẹ́ fagi lé e ní 1763, ńṣe ni wọ́n fọ́ àga fọ́ àtùpà títí ó fi gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní owó apẹ́dé. Tẹ́ ẹ bá léyìí tó dáa jù ú lọ, ẹ mú un wá.