Ọwọ́ tí kì í kúrò lórí lífà epo

Kí n tó fọwọ́ kan bàálù gidi rárá ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíná sí ẹ́ńjìnnì Boeing 737-800. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti kọ́ ọ, nílé wa ní Agége, níbi tí ariwo àwọn bàálù tó ń gbéra ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà ti máa ń jí wa láàárọ̀. Nínú X-Plane, eré kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe bí ẹni ń wa bàálù, 737 kan wà tí àwọn olùfẹ́ eré náà ń tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, Zibo ni wọ́n ń pè é, òun ni mo sì ń jókòó tì lóru nígbàkigbà tí iná bá wà. Mo mọ ìlànà náà débi pé bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, mo lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà.

Ẹ́ńjìnnì CFM56-7B tó wà lábẹ́ apá 737-800 kì í fi bátìrì yí bíi ti mọ́tò; atẹ́gùn ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà ní ìdí bàálù tí à ń pè ní APU, òun ló ń ti atẹ́gùn alágbára gba inú páìpù wá síbi sítátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ amúlétutù inú bàálù, kí atẹ́gùn náà má baà pín sọ́nà méjì. Bí a bá yí swíìṣì ìtan-ẹ́ńjìnnì sí GRD, ìyẹn títan nílẹ̀, fáàfù sítátà, tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn, á ṣí, N2, ìyẹn ìwọ̀n eré tí inú ẹ́ńjìnnì fi ń yí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó bá dé ìdá 25 nínú 100, a ó gbé lífà epo sókè: epo á wọlé, iná á ràn, EGT, ìyẹn ooru èéfín tó ń gba ẹ̀yìn jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé. Ní nǹkan bí ìdá 56, sítátà á já ara rẹ̀ sílẹ̀, swíìṣì á ta padà sí ipò rẹ̀, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀: kà! Láti ìgbà náà lọ, ẹ́ńjìnnì ti ń dá ara rẹ̀ yí. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, bí mo bá ti gbé lífà sókè báyìí, ojú mi ti kúrò níbẹ̀. Mo ti ń wo máàpù, mo ti ń tẹ nǹkan mìíràn, nítorí n kò rí ọjọ́ kan tí iná kọ̀ láti ràn. Nínú Microsoft Flight Simulator, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ tẹ Ctrl àti E pọ̀, kọ̀ǹpútà á ṣe gbogbo rẹ̀ fún yín. N kò bẹnu àtẹ́ lu èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà tó ń tún bàálù ṣe, ó di ọdún kejì kí ọ̀gá mi tó pè mí pé kí n wá jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún nínú yàrá awakọ̀. A ti ṣiṣẹ́ tán lára ẹ́ńjìnnì kan, a fẹ́ tan án wò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá mi kò kánjú. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nílẹ̀, tó de agbọ́rọ̀ mọ́ etí, pé ṣé iwájú ẹ́ńjìnnì mọ́, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, àti pé níbo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá ń gba ẹ̀yìn wọlé lè máa yí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì sódì. Ó dúró títí ìdáhùn fi dé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé lífà sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lórí rẹ̀. Ó rọra fi ìka dì í mú bí ẹni tó di etí ife tíì gbígbóná mú, ojú rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà EGT, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi gbọ́ ìró swíìṣì. Ó wá ní, “Ṣé o rí ọwọ́ mi? Ibẹ̀ ló máa wà títí swíìṣì yóò fi dún. Bí ooru bá fẹ́ ya wèrè, mi ò ní máa wá lífà kiri.” Mo ní, “Mo rí i, sà.”

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, èmi ni mo jókòó sọ́wọ́ òsì. Atẹ́gùn APU kò lágbára tó bó ṣe yẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. N2 ń wọ́ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, ìdá 21 ló sì dúró sí. Ìlànà gbà wá láyè láti fún un lépo bó bá ti kọjá 20 tí kò sì gòkè mọ́, mo sì gbé lífà. Iná ràn lójú ẹsẹ̀. EGT di 300, ó di 450, ó di 600, bẹ́ẹ̀ N2 kò tíì dé 35. Epo ń jó, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó yẹ kó gbé ooru náà jáde kò tó, gbogbo ooru wá ń dà lé àwọn abẹ́ irin inú ẹ́ńjìnnì lórí. Ìwọ̀n 725 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni òpin tí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì yìí nígbà títan. Àpótí tó yí nọ́ńbà EGT ká bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú funfun. Mo ti kà á nínú ìwé pé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà yóò gé epo fúnra rẹ̀ bí ooru bá kọjá òpin, ṣùgbọ́n n kò dúró dè é. Mo já lífà sílẹ̀. Mo jẹ́ kí sítátà máa yí fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, bí ìlànà ṣe wí, kó lè fẹ́ ooru àti epo tó kù jáde, mo sì ń wo EGT bó ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí àyà mi ń lù kì kì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ìdè páìpù atẹ́gùn kan ló ti tú díẹ̀, tí atẹ́gùn ń yọ́ jáde níbẹ̀. A ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò sí abẹ́ kan tó bàjẹ́.

Èyí tí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ lè súnmọ́ rárá ni ti ẹni tó dúró sísàlẹ̀. Nígbà mìíràn, fáàfù sítátà máa ń kọ̀ láti ṣí, a ó sì ní láti fọwọ́ ṣí i. Ihò kékeré kan wà lára ìbòrí ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni mo ki irinṣẹ́ gígùn bọ̀ lọ́jọ́ kan, tí mo ń retí ohùn awakọ̀ létí mi. “Ṣí i.” Mo yí i, mo sì dì í mú. Atẹ́gùn ké fíìì wọ inú sítátà, ìbòrí irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ariwo náà ń gba inú ilẹ̀ wọ orúnkún mi, òórùn epo kẹrosíìnì gba gbogbo imú mi. “Tì í.” Mo tì í, mo fa irinṣẹ́ mi yọ, mo sì gba ọ̀nà tí mo gbà wá gan-an padà, nítorí iwájú ẹ́ńjìnnì tó ti tàn lè fa ènìyàn wọlé, ẹ́ńjìnnì 737 sì súnmọ́ ilẹ̀ púpọ̀.

Àwọn tó jẹ́ pé bàálù Airbus A320 ni wọ́n fi kọ́ tiwọn lè rò pé mo ti sọ ọ́ le jù. Lóòótọ́, lára A320 tó ń lo CFM56, awakọ̀ yóò kàn yí swíìṣì kan sí IGN/START, yóò tan master switch, ìyẹn swíìṣì àgbà ẹ́ńjìnnì, FADEC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ni yóò sì ṣe ìyókù: yóò ṣáná ní N2 ìdá 16, yóò tú epo sílẹ̀ ní ìdá 22, yóò sì dá gbogbo rẹ̀ dúró bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Boeing 787 kò tilẹ̀ lo atẹ́gùn, iná mànàmáná ló ń yí tirẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì rí awakọ̀ rere kan tó ń wo ibòmíràn nígbà tí EGT bá ń gòkè.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ṣì wà nílé, àbúrò mi ló ń lò ó. X-Plane ní ibì kan tí a ti lè pàṣẹ pé kí ẹ́ńjìnnì ṣe àìsàn, kí ooru rẹ̀ pọ̀ jù nígbà títan, tàbí kí eré rẹ̀ dúró láàárín ọ̀nà. Mo máa ń fi í síbẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa ń wòran títí ooru yóò fi kọjá 725, á wá yíjú sí mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé lífà sókè, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Nígbà tí EGT kọjá 640 tí N2 kò sì mira, ó já a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè láti oókan lọ sí 60.