Ọkọ̀ mi ń mu omi, a sì fẹ́ kó lọ sí Àbújá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ́ńjìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry ọdún 1999 ni ọkọ̀ mi, oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ kó kúrò ní Ìbàdàn, a ó gba Àkúrẹ́ àti Lọ́kọ́ja.

Omi rédíétọ̀ ń dín, bíi lítà kan láàárín ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ n ò rí ibi tó ti ń jò. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, gbígbẹ ni mo bá a. Láàárọ̀, èéfín funfun máa ń jáde ní sàléńsà, kì í sì í tètè dáwọ́ dúró. Tí mo bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, gééjì ooru á gòkè.

Mo ti pààrọ̀ thermostat (èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) àti ìdérí rédíétọ̀, wọ́n ti fọ rédíétọ̀, fáànù sì ń yí dáadáa. Ọ́ìlì kò funfun. Mẹkáníìkì kan ní top gasket, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti cylinder head (orí ẹ́ńjìnnì), ló jó. Èkejì ní kí n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Owó ilé tí a fẹ́ san lọ́hùn-ún ni yóò bá a lọ. Àbíkẹ́yìn wa ò ju oṣù mẹ́jọ lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ọkọ̀ má lọ kú sọ́nà Kàbà lálẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀, kí wọ́n tó tú u, bóyá gasket nìkan ló jó tàbí cylinder head fúnra rẹ̀ ló ti sán? Tí wọ́n bá sì tún un ṣe, kìlómítà mélòó ni kí n kọ́kọ́ fi dán an wò kí n tó kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀?