Oògùn tí ò lè wọ ọpọlọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àǹtí mi ní Ìsánlú, kókó inú ọpọlọ ni, glioblastoma ni wọ́n pè é, kápúsù temozolomide, oògùn jẹjẹrẹ, ló wá ń lò báyìí pẹ̀lú ìtànṣán. Mo bi dókítà pé ṣé kò sóògùn tó le ju kápúsù yìí lọ ni, ó ní ó wà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò lè wọ ọpọlọ, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ra típẹ́típẹ́, èyí tó bá sì rá pálá wọlé gan-an, nǹkan kan tún wà tó ń tì í padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àfi bí ẹ̀ṣọ́ ààfin!

Bọ̀ọ̀dá mi ní Kábà wá kà á pé wọ́n ń fi ultrasound (ìgbì ohùn tí etí ò lè gbọ́) àti ìfófòó kéékèèké tí wọ́n ń gún sínú ẹ̀jẹ̀ ṣí ọ̀nà yẹn fún wákàtí díẹ̀ kóògùn lè kọjá, ló bá ní ká ta oko kajú ká gbé wọn lọ òkè òkun. Èmi rí i pé wọ́n ṣì ń dán an wò ni o.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti bá wọn wọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé aláìsàn ló ń sanwó ẹ̀? Kí ni ká bi dókítà ká tó fọwọ́ kan oko? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ àgbo, èyí tí wọ́n ti gbé wá sílé ti pọ̀ jù.